Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú, ọjọ́ Ẹtì: ibẹ̀ ni àròkọ rẹ wà

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí wa. Ọdún 2019 ni mo wọ yunifásítì láti kọ́ Microbiology, ẹ̀kọ́ nípa bakitéríà àti àwọn ohun alààyè tí ojú lásán kò lè rí. Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ní 2022, mo ríṣẹ́ sí láàbù ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá kan ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí a wọlé padà, wọ́n há sẹ̀mẹ́sítà kan mọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá: lẹ́kítọ̀ láti aago méje àárọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú, iṣẹ́ láàbù ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. N kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀, torí òun ni mo fi ń san owó ilé. Mo wá ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì. GP mi, ìyẹn ìwọ̀n máàkì mi, já sí 2.9 ní sẹ̀mẹ́sítà yẹn. Nínú àwọn yòókù, kò sí èyí tí kò tó 4. Mo fẹ́ lọ ṣe másítàsì ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kọ gbogbo ìyà tó jẹ mí sínú àròkọ ìgbaniwọlé kí àánú mi lè ṣe wọ́n. Èkejì ní kí n má tiẹ̀ mẹ́nu bà á. Èwo ni kí n ṣe? Àròkọ tí mo ti kọ nìyí. — Aláìróorunsùn, Abẹ́òkúta.

Aláìróorunsùn ọmọ mi, o kú ìfaradà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka àròkọ rẹ. Ohun tó dùn mí ni pé ibi tó dára jù nínú ìtàn náà, ìlà kan péré ni o fún un, ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kejì. O ní: “Ọ̀gá mi fẹ́ kí n máa ṣiṣẹ́ alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yí i padà.” O bá kọjá lọ. Kí ló dé tí o fi bẹ̀ wọ́n? O ò sọ.

Mo gbé ìbéèrè náà lọ bá ẹ̀gbọ́n mi tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ láàbù. Kò tíì ka ìlà náà tán tó fi rẹ́rìn-ín. Ó ní tí wọ́n bá da omi sínú èròjà MacConkey, èròjà aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń wá bakitéríà, tí wọ́n gbé e sínú íńkúbétọ̀, àpótí tó ń mú ooru dúró, ní ìwọ̀n ooru 37, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn wákàtí 24, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ sọ pé omi náà mọ́ àfi tó bá pé wákàtí 48. Tí bakitéríà inú ìgbẹ́ bá wà níbẹ̀, èròjà yẹn á di yẹ́lò, atẹ́gùn á sì kó jọ sínú ìgò Durham, ìgò tíńtín tí wọ́n dojú rẹ̀ dé sínú èyí tó tóbi. Torí náà, omi tí o bá gbé kalẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ajé, alẹ́ Ọjọ́rú ló tó kà. Ti Ọjọ́rú, ó di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Ìwọ lo tò ó bẹ́ẹ̀, ọmọ mi! O wo iye wákàtí tí bakitéríà ń béèrè, o wo táìmù tébù tí ilé ẹ̀kọ́ gbé lé yín lórí, o sì rí ibi tí àwọn méjèèjì ti lè gba ara wọn láyè. Ọmọ ogún ọdún tó lè ronú báyìí nígbà tí oorun ń kùn ún, olùwádìí ni. Ohun tí àwọn tó ń ka ìwé ìgbaniwọlé ń wá gan-an nìyẹn. Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Fi alẹ́ kan ṣoṣo hàn wọ́n: aago tó kọ, ìgò tí o gbé sókè síwájú iná, ohun tí o rí. Lẹ́yìn náà kí o mú wọn dé alẹ́ tí o sọ fún mi nípa rẹ̀, tí ìgò mẹ́ta di yẹ́lò, tí o lọ bá ọ̀gá pé kí wọ́n pààrọ̀ fílítà kí omi kankan tó jáde. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò gbọdọ̀ sí E. coli, ọ̀kan nínú bakitéríà inú ìgbẹ́, rárá nínú mílílítà 100 omi mímu. Ìwọ ti dúró lórí ìlànà yẹn ní agogo méjì òru, kí o tó mọ̀ pé o máa kọ àròkọ kankan. Láti ibẹ̀, ó rọrùn láti sọ ohun tí o fẹ́ lọ kọ́ nípa omi àti ìdí tó fi jẹ́ ẹ̀ka tí o yàn yẹn.

Ọ̀rẹ́ rẹ tó ní kí o wá ojú àánú, má gbọ́ tirẹ̀. Ojú ewé méjì tó kún fún ebi, ìyà àti omijé kò sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá o lè ṣe iṣẹ́ másítàsì. Èkejì náà ṣì í. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tránsíkíríìtì rẹ, ìwé tó ń to máàkì rẹ, á fi hàn pé ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin gba nǹkan bí ọdún márùn-ún, ẹni tó ń kà á ní Amẹ́ríkà sì lè máa rò pé ìwọ lo fìdí rẹmi. Sọ ọ́ ní gbólóhùn méjì, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀: ìyanṣẹ́lódì ASUU ti àwọn yunifásítì ìjọba pa láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, nígbà tí a sì wọlé, wọ́n há sẹ̀mẹ́sítà mọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Má bá ìjọba jà níbẹ̀, má bá olùkọ́ jà. Ìjà náà ní àyè tirẹ̀, kì í ṣe inú ìwé yìí.

Ní ti 2.9 yẹn, má tọrọ àforíjì. Sọ pé sẹ̀mẹ́sítà iṣẹ́ alẹ́ ni, sọ pé o padà sí òkè 4 ní èyí tó tẹ̀ lé e, kí o dákẹ́. Bẹ olùkọ́ tó bójú tó project rẹ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ nínú lẹ́tà tó máa kọ fún ọ; ọ̀rọ̀ náà á wúwo ju kí ìwọ fúnra rẹ sọ ọ́ lọ.

Kí o tún ka ohun tí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan béèrè dáadáa. Yunifásítì California ní Berkeley, fún àpẹẹrẹ, ń gba ìwé méjì: Statement of Purpose, tí ó jẹ́ ti ẹ̀kọ́ àti ìwádìí, àti Personal History Statement, tí ó jẹ́ ti bí ìgbésí ayé rẹ ṣe gbé ọ débí. Owó ilé wọ inú èkejì. Àwọn ìgò rẹ, inú àkọ́kọ́ ni.

O ní ẹnì kan fẹ́ gba owó lọ́wọ́ rẹ kó bá ọ kọ ọ́. Jọ̀ọ́, má fún un ní kọ́bọ̀. Kò sí níbẹ̀ lálẹ́ yẹn.

O sọ fún mi pé o ṣì ní ìwé tí o máa ń kọ àbájáde omi sí. Gbé e jáde lónìí, ṣí i sí oṣù Kọkànlá ọdún 2022, kí o wá alẹ́ tí o kọ “yẹ́lò” sí ẹ̀ẹ̀mẹta. Kọ ohun tí o rántí nípa alẹ́ yẹn ní Yorùbá tó bá yá ọ lára, ká tó wá sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì, kí o sì fi í ránṣẹ́ sí mi. Mò ń retí rẹ̀.