Hẹ́dísẹ́ẹ̀tì ni àbí home theatre? Ìdáhùn sí ìbéèrè yín lórí kọ̀ǹpútà gémù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Àpáta ni mò ń gbé, n'Íbàdàn níbí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ to kọ̀ǹpútà gémù kan jọ, a máa ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀, a sì máa ń gbá èyí tí wọ́n ti ń yìnbọn. Sípíkà kékeré tí mo so mọ́ ọn ń kùn hùùù ṣáá. Mo lo ti Bluetooth, ìbọn á ti yìn tán lójú mi kí n tó gbọ́ ọ. Hẹ́dísẹ́ẹ̀tì fóònù mi náà, mò ń gbọ́ àwọn tá a jọ ń gbá ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́ mi. Mo ti ń tọ́jú owó láti ra home theatre onísípíkà márùn-ún, ṣé kí n rà á? (Ọmọ Àpáta)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, inú mi dùn pé o bèèrè kó o tó náwó. Má tíì ra home theatre o. Hẹ́dísẹ́ẹ̀tì oníwáyà tó bo etí dáadáa ni kó o kọ́kọ́ rà, torí nínú gémù ìbọn yẹn, ohun tó ṣe pàtàkì jù ni kó o mọ ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀tá ti ń dún, ṣé lápá òsì ni àbí lẹ́yìn, hẹ́dísẹ́ẹ̀tì gidi á sì sọ ìyẹn fún ẹ ju sípíkà márùn-ún tí wọ́n kàn kó sínú yàrá kan láìtò ó bó ṣe yẹ. Ká má tíì wá sọ ti jẹ́ń. Tí NEPA bá mú iná lọ tí gbogbo àdúgbò tan jẹ́ń, èyí tí ẹ̀yìn ẹ̀ dí pa nìkan ló lè bá ẹ dín ariwo yẹn kù. Èyí tí ẹ̀yìn ẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ dùn gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tó dákẹ́ ló wà fún. Má sì torí "7.1" tí wọ́n kọ sára páálí, bíi pé sípíkà mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, san owó lé e, sípíkà méjì ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀, kọ̀ǹpútà ló ń fi ọgbọ́n ṣe ìyókù, Windows 10 àti 11 sì ní irú ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, Windows Sonic ni wọ́n ń pè é.

Ti máíkì tí wọn ò fi gbọ́ ẹ, wo ẹnu wáyà hẹ́dísẹ́ẹ̀tì yẹn dáadáa. Tí ìlà dúdú ara ẹ̀ bá jẹ́ mẹ́ta, máíkì àti sáúǹdì jọ wà lórí ẹnu kan náà nìyẹn, bí ti fóònù. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì ló sì ya ihò wọn sọ́tọ̀: èyí tó ní àwọ̀ ewé, ibẹ̀ ni sáúǹdì ti ń jáde, èyí tó jẹ́ pínǹkì ni ti máíkì. Splitter lo máa rà, wáyà kékeré tó ń ya máíkì àti sáúǹdì sí ẹnu méjì. Ṣùgbọ́n kó o tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìwó Road tàbí Queen Cinema, yẹ̀ ẹ́ wò pé àwòrán máíkì wà lára ẹnu kan, àwòrán hẹ́dífóònù lára èkejì, torí oríṣi kan wà tó jẹ́ pé ńṣe ló ń jẹ́ kí ẹni méjì gbọ́ orin láti ihò kan, wọ́n jọra gan-an, wọ́n sì máa ń kó o fún èèyàn, kò sì lè wúlò fún ẹ rárá.

Bluetooth ò ṣẹ̀ ẹ́. Ó máa ń fún sáúǹdì pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́, sípíkà á tún tú u, ìyẹn á sì gba bí ìdá kan tàbí méjì nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Tó bá jẹ́ fíìmù ni, ẹ̀rọ lè dá àwòrán dúró díẹ̀ kó dúró de ìró, o ò ní fura. Gémù ò lè dúró, ìgbà tó o tẹ bọ́tìnì ló gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀. Tó o bá tún lọ tan máíkì Bluetooth, ohùn gbogbo ẹ̀ á sábà bàjẹ́ bí ti ìpè fóònù. Tí o ò bá fẹ́ wáyà, ra èyí tó ní nǹkan kékeré USB tirẹ̀ tí wọ́n kọ 2.4GHz sí.

Ó wá kan sípíkà tó ń kùn. Fa wáyà ẹ̀ yọ lára kọ̀ǹpútà, jẹ́ kó ṣì wà lórí iná, má fọwọ́ kan ẹnu wáyà náà. Tó bá ṣì ń kùn, sípíkà fúnra ẹ̀ tàbí iná ló ń yọ ẹ́ lẹ́nu. Tó bá dákẹ́, ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ló ti wá: kúrò ní ihò iwájú, lọ sí ti ẹ̀yìn, kó o sì so àwọn méjèèjì mọ́ ẹ̀kístẹ́ńṣọ̀n kan náà. Tí ìyẹn ò bá ṣe é, ra sound card USB kékeré, ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ ihò USB kí sáúǹdì lè máa gba ibẹ̀ jáde, kì í wọ́n. Jọ̀ọ́, jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kó o gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì, èyí tó gùn jù yẹn. Ó lè pa kíkùn náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yẹn ló ń gbé iná lọ sílẹ̀ tí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ, bí kò bá sí níbẹ̀, ara irin kéèsì niná á dúró sí, ọwọ́ rẹ ló sì máa kàn án.

Tó o bá ṣì fẹ́ home theatre lọ́jọ́ iwájú, wo ẹ̀yìn ẹ̀ kó o tó sanwó. Tó bá jẹ́ ihò pupa àti funfun nìkan ló ní, sáúǹdì òsì àti ọ̀tún nìkan ló máa gbà, sípíkà tó kù kàn ń tún un sọ ni. Ihò HDMI (irú èyí tí wọ́n fi ń so tẹlifíṣọ̀n mọ́ kọ̀ǹpútà) tó ń gba sáúǹdì wọlé ni kó o wá, òun ló lè gbé gbogbo ẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti kọ̀ǹpútà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́tàlá kì í bọ́ hẹ́dísẹ́ẹ̀tì gémù kúrò létí. Ṣé kò ní ba etí ẹ̀ jẹ́? (Ìyá Ìbejì, Bódìjà)

ÌDÁHÙN: Ó lè bà á jẹ́, mà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ìró tí ọmọdé ń gbọ́ má kọjá 75 dẹ́síbẹ̀lì (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ìró ṣe pọ̀ tó) fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀, ti àgbàlagbà ni 80. Tẹ́ ẹ bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tẹ́ ẹ sì ń gbọ́ ìbọn gémù náà ketekete, ó ti pọ̀ jù, ẹ ní kó yí i wálẹ̀ kó sì máa bọ́ ọ sílẹ̀ láàárín kan. Tó bá wá ń sọ pé etí òun ń hó lẹ́yìn tó bọ́ ọ, ẹ má dúró wo ó, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà etí ní UCH.