Kí ni kóòṣì ń ṣe fún oníjà UFC láàárín ráúndì?

Nínú UFC, ìdíje ìjà tí wọ́n ti ń lo ẹ̀ṣẹ́, ìpá àti ìjàkadì, ìṣẹ́jú 5 ni ráúndì kan, ìsinmi rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú 1 lọ. Ẹni tó ń fi Vaseline dí ojú tó bẹ́, tó ń fi irin tútù tẹ ibi tó wú, kì í ṣe kóòṣì. UFC ló gbé e wá. Kóòṣì (Eugene Bareman ni ti Israel Adesanya) á jẹ́ kí oníjà kọ́kọ́ mí kanlẹ̀, kó tó sọ nǹkan kan tàbí méjì: "Gbé ọwọ́ òsì sókè, ta á nípàá ní itan." Bí ẹni mẹ́ta bá ń pariwo pọ̀, oníjà ò ní gbọ́ ìkankan. Vaseline ò gbọ́dọ̀ kan ara, ojú nìkan ni. Ara tó ń yọ̀ ò ṣeé dì mú. Omi tó dà sílẹ̀ náà, kí wọ́n nù ún kíá. Ariwo ilé ìworan l'Ádó-Èkìtì kì í jẹ́ ká gbọ́ kóòṣì, ẹ ṣáà máa wo ọwọ́ rẹ̀.