Kóòṣì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní Spéìn: àwọn tí o fẹ́ kọ́ ni ọ̀gá rẹ

Àbúrò, mo ti ka ìbéèrè rẹ. O ní o ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé gíráma ní bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní Houston, pé ẹgbẹ́ kan lẹ́bàá Madrid ti ní kí o wá ṣe kóòṣì àwọn, wọ́n á fún ọ ní yàrá kan àti 600 euro lóṣù. O wá fẹ́ mọ̀ bóyá ènìyàn lè fi ìyẹn jẹun, àti bí ọjọ́ kan ṣe ń rí níbẹ̀. Ẹ̀bá Madrid náà ni èmi ti ṣe iṣẹ́ yẹn, torí náà ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Owó yẹn kéré, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni wàhálà. Ohun tó yẹ kó yé ọ kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ni ibi tí owó náà ti ń wá. Ní Texas, ilé-ìwé ló ń sanwó fún kóòṣì. Ọmọ tó bá pẹ́ dé, o ní kó sáré yí pápá ká, kò sì sẹ́ni tó máa bi ọ́. Ní Spéìn, kò sí ilé-ìwé kankan lẹ́yìn ẹgbẹ́, tẹlifíṣọ̀n ò san nǹkan kan, àwọn tó sì ń wá wòran kò ju ìyàwó, òbí àti ọ̀rẹ́ àwọn tó wà lórí pápá lọ. Àwọn agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn ló ń dáwó. Wọ́n ń san owó ẹgbẹ́, wọ́n ń ra akoto àti páàdì èjìká tiwọn, wọ́n tún ń san owó káàdì FEFA, ìyẹn àjọ tó ń darí eré náà ní orílẹ̀-èdè wọn. Inú àpò wọn ni 600 euro rẹ ti ń jáde. Ṣé o mọ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Houston, bí ẹni tó san owó ẹgbẹ́ pé ṣe máa ń dìde sọ̀rọ̀ sí alága lójú gbogbo ènìyàn? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, tó tún sanwó kó tó lè wọ pápá, o ò lè jágbe mọ́ ọn bí o ṣe ń jágbe mọ́ ọmọ ọdún 16. Tó bá bínú, ilé ló ń lọ, owó rẹ̀ á sì bá a lọ.

Gbogbo ìyókù ti ibẹ̀ yọ. Torí pé wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́ lójúmọmọ, alẹ́ ni ìgbáradì. Torí pé pápá jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ sì ti gbà á láti ìrọ̀lẹ́, ó di aago mẹ́sàn-án kí wọ́n tó yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa, nígbà mìíràn ìdajì rẹ̀ péré. Tí aago mọ́kànlá bá ti lù, ẹni tó ń ṣọ́ pápá á pa iná, o parí o, o ò parí o. Mo ti rí i tí iná kú tí bọ́ọ̀lù ṣì wà lókè. Lẹ́yìn náà, gbogbo wa á wọ ilé ọtí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá: bíà inú ife kékeré, àti búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹyin àti ànàmọ́ díndín há láàrin. Má sá lọ sílé lásìkò yẹn, bó ti wù kó rẹ̀ ọ́ tó. Ibẹ̀ ni wàá ti gbọ́ ẹni tí orúnkún ń dùn tó ń fi pamọ́ fún ọ, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ bímọ, ẹni tó ń bínú pé o yọ òun kúrò níwájú. Ó máa ń tó aago kan òru kí n tó fẹ̀yìn lélẹ̀.

Ọ̀sán wá ni ìṣòro. Ẹnikẹ́ni ò sọ èyí fún mi kí n tó lọ. Ìgbáradì kò ju alẹ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ lọ́sẹ̀, àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ wà níbi iṣẹ́ wọn, o sì jí ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ láìní ibì kan tí wàá lọ. Kò sí ọ́fíìsì tí kóòṣì mẹ́fà ti ń yẹ fídíò wò pọ̀ bíi ti Texas. Ìwọ àti kọ̀ǹpútà rẹ nìkan ni, ẹ ń gé fídíò lórí Hudl, ìkànnì tí àwọn kóòṣì fi ń pín fídíò eré, kí àwọn ọmọ lè wò ó lórí fóònù wọn nínú ọkọ̀ ojú irin. Ní aago méjì ọ̀sán, gbogbo ìlú á jókòó jẹun. Jẹun nígbà tí wọ́n bá ń jẹun: oúnjẹ ọ̀sán tí wọ́n ń pè ní menú del día, abọ́ méjì tó tẹ̀lé ara wọn, búrẹ́dì, ohun mímu àti èso, ó sì máa gbé ọ dé alẹ́. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké á ti ilẹ̀kùn títí di aago márùn-ún. Wákàtí òfìfo wọ̀nyí ló ń ba ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ti Amẹ́ríkà wá jẹ́. Mo rí àwọn tó fi ọtí dí i, mo rí ẹni tó padà sílé kí sáà tó dé ìdajì. Èmi fi kíláàsì èdè Spéìn dí i láàárọ̀, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní flag, èyí tí a ti ń fa aṣọ ìbàdí dípò kí a gbé ènìyàn ṣubú. Flag ń gbilẹ̀ níbẹ̀, pàápàá láti ìgbà tí wọ́n ti fi í sí Òlíḿpíìkì 2028 ti Los Angeles, owó tí àwọn òbí ń san sì ń ran ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé wàá ṣe é, kí wọ́n sì fi kún owó rẹ nítorí ẹ̀.

Níbi tó o ti kọ ọ́ pé green card lo ní, tí ìwé ìrìnnà rẹ ṣì jẹ́ ti Nàìjíríà, àyà mi já. Ọmọ Amẹ́ríkà lè wọ Spéìn láìgba físà fún 90 ọjọ́ nínú 180 ọjọ́, àmọ́ kì í ṣe láti ṣiṣẹ́. Ìwọ ò tilẹ̀ ní ìyẹn. Físà ni wàá gbà kí o tó gbéra. Ètò tí ìjọba Spéìn fi ń gba àwọn ọmọ Amẹ́ríkà láti ran olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ nílé-ìwé, tí ọ̀pọ̀ kóòṣì fi ń gbọ́ bùkátà ara wọn, ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà tàbí Kánádà ni wọ́n ń béèrè. Èyí tó wá burú jù: tí o bá pẹ́ ju oṣù mẹ́fà lọ lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà, ó lè ba ọdún tí o ń kà láti di ọmọ onílùú jẹ́. Tó bá kọjá ọdún kan láìgba ìwé àṣẹ ìpadàwọlé, èyí tí wọ́n ń fi fọ́ọ̀mù I-131 béèrè, tí o gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ nígbà tí o ṣì wà ní Amẹ́ríkà, wọ́n lè ní o ti pa green card tì. Sáà wọn máa ń lọ títí wọnú ìgbà ìrúwé, ìgbáradì sì ń bẹ̀rẹ̀ kí ọdún tó parí. Ka oṣù náà lórí ìka rẹ. Lọ rí lọ́yà tó mọ òfin ìwọlé-wọ̀de kí o tó fèsì kankan fún ẹgbẹ́ náà.

Ìwé ti Spéìn fúnra rẹ̀ kò le bí wọ́n ṣe ń sọ, tí yàrá rẹ bá ti ní ìwé. Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n ti ń forúkọ ẹni sílẹ̀ pé ibi báyìí lò ń gbé, orí ìwé yẹn sì ni ọ̀pọ̀ nǹkan tó kù dá lé. Ilé tí ẹgbẹ́ fi mí sí, orúkọ agbábọ́ọ̀lù kan ló wà lórí àdéhùn rẹ̀, kò sì fẹ́ fọwọ́ sí i pé mò ń gbé ibẹ̀, ó ní onílé á fi kún owó. Ọ̀rọ̀ náà dá mi dúró títí ẹ̀rùn fi wọlé.

Bọ́ọ̀lù ńkọ́? Má rò pé wọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹgbẹ́ Badalona Dracs ti wà láti 1987. Barcelona Dragons gba World Bowl, ife ẹ̀yẹ líìgì tí NFL ń ṣe ní Yúróòpù nígbà náà, ní 1997 ní pápá Montjuïc, àwọn tó wò wọ́n nígbà èwe ló ń ṣe igbákejì kóòṣì lónìí. Òfin NCAA, àjọ eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ni òfin tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù ti wá, òun náà sì ni àwọn ilé-ìwé gíráma Texas ń lò, torí náà ara ò ní fu ọ́ níbẹ̀. Pápá ni yóò yà ọ́ lẹ́nu. Tiwa gùn tó 110 mítà tí a bá ka ibi touchdown mọ́ ọn, ìyẹn ìpẹ̀kun méjèèjì tí wọ́n ti ń gba àmì. Ọ̀pọ̀ pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kò gùn tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á wá gé ibi touchdown kúrú. Àwọn ènìyàn rẹ ò ní pọ̀. Ẹni tó ń gbógun lọ náà ló máa dúró dáàbò bo ilé, kò ní mí. Nítorí náà, yan ìwọ̀nba ète tí ẹni tó ti rẹ̀ lè rántí ní aago mẹ́wàá alẹ́, kí o sì máa tún un ṣe.

Nígbà ìrìn àjò, bọ́ọ̀sì ni. Láti Madrid dé A Coruña jẹ́ bí 600 kìlómítà, ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tí ẹ ó gbéra, òru lẹ ó padà, àwọn kan á sì lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Tí áńbúláǹsì ò bá dé, eré ò ní bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde, má retí ẹnikẹ́ni. Oṣù karùn-ún ló tún wá le jù, nígbà tí àwọn Kátólíìkì ń ṣe Kọmúníọ̀nù Àkọ́kọ́ fún àwọn ọmọ wọn. Quarterback mi, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù tó sì ń darí ìgbógun, sọ fún mi lọ́jọ́ Thursday pé òun ò ní lè gbá eré Sunday nítorí Kọmúníọ̀nù ọmọ ẹ̀gbọ́n òun. Àwa Yorùbá tó ń pa ọjọ́ àpéjẹ mọ́ ju ọjọ́ iṣẹ́ lọ, ẹnu wo ni ká fi bá a jà? Mo fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀.

Àwọn ará àdúgbò á máa pè ọ́ ní kóòṣì rugby. Jẹ́ kí wọ́n máa pè é. Èlùbọ́, epo pupa àti iṣu wà ní àdúgbò Lavapiés ní Madrid.

Kí o tó fèsì, kọ̀wé sí wọn, kí o bèèrè orúkọ ta ló wà lórí ìwé ilé, ta ló máa sanwó ìbánigbófò ìlera rẹ, irú físà wo ni wọ́n fẹ́ bá ọ gbà, àti ènìyàn mélòó ló wá sí ìgbáradì ní alẹ́ tí òjò rọ̀ nínú oṣù kejì. Má bèèrè iye orúkọ tó wà lórí ìwé ẹgbẹ́, ìyẹn máa ń pọ̀. Tí lọ́yà bá ní green card rẹ ò ní bàjẹ́, tí wọ́n sì gbà láti fi orúkọ rẹ sínú ìwé ilé, lọ, o ò tíì níyàwó, ọjọ́ orí rẹ sì gbà á. Tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí ọ̀rọ̀ ilé yẹn, dúró sí Houston.