Àárò oúnjẹ ń sọ mí

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Ẹja ni mò ń tà ní ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Oṣù kẹjọ rèé tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi ní Èkó, èyí tí wọ́n fi ń gé àpòlúkù kù kí èèyàn lè fọn. Kílò 142 ni mo tẹ̀wọ̀n nígbà yẹn, orúnkún mi ò gbé mi mọ́, ìtọ̀ ṣúgà sì ti wọ̀ ọ́. Mo ti wálẹ̀ sí kílò 97. Mo mọ̀ pé ọpẹ́ ló yẹ mí.

Ṣùgbọ́n lọ́jà, wọ́n ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé àrùn kan ló ń jẹ mí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin tiẹ̀ pè mí sí kọ̀rọ̀ pé kí n sọ òótọ́ fún òun. Ọkọ mi nìkan ló mọ̀ nípa iṣẹ́ abẹ náà. Irun mi ń já. Ọdún 19 ni èmi àti ọkọ mi ti fi ń jẹun nínú àwo kan. Ní báyìí, òun nìkan ló ń jẹ, èmi ń wò ó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo mu miníràlì kan, àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, òógùn bò mí, mo bá sùn lé orí àpótí ẹja. Fítámì tí wọ́n fún mi ti tán láti oṣù kẹta, mi ò rà á mọ́, torí mi ò rí ohun tó ń ṣe. Ọdún Káyókáyọ̀ ń bọ̀, ilé wa ni wọ́n sì ti máa ń dáná. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Ẹ̀pẹ́

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì mi, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yín. Ọdún mẹ́fà rèé tí wọ́n ti ṣe irú iṣẹ́ abẹ yẹn fún èmi náà. Mo ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún 21 kó tó di ìgbà yẹn, síbẹ̀ ẹ̀rù bà mí ju gbogbo aláìsàn tí mo tọ́jú rí lọ.

Èyí tí kò ṣeé fi falẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ mú. Ẹ padà sídìí fítámì yín lọ́sẹ̀ yìí. Nínú ìdá mẹ́rin àpòlúkù yín, ó kéré tán, wọ́n ti gé ìdá mẹ́ta dànù; èyí tó kù rí gbọọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àpòlúkù ló máa ń ran ara lọ́wọ́ láti gba fítámì B12 nínú oúnjẹ, èyí tó kù yìí ò sì lè ṣe é tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Títí ayé ni a ń lò ó. Ẹ ní ẹ ò rí ohun tó ń ṣe. Ara yín ò tíì pariwo nítorí pé èyí tó ti tọ́jú pamọ́ ló ṣì ń ná. Tí ìyẹn bá tán, ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ẹsẹ̀ á máa kú, iṣan tó bá sì ti bàjẹ́ báyẹn lè má padà bọ̀ sípò tán. Multivitamin, B12, iron, àti calcium tó ní fítámì D: àwọn ni kí ẹ rà. Ẹ má gbé calcium àti iron mì pọ̀, ẹ jẹ́ kí wákàtí méjì wà láàárín wọn. Mo mọ̀ pé owó ń bẹ níbẹ̀. Ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀ lára owó ẹja kí ẹ tó dá àjọ.

Ẹ lọ rí dókítà tó ṣe iṣẹ́ náà, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, ẹ sì gbé oògùn ìtọ̀ ṣúgà yín dání. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ fún ẹni tó jẹ́ kílò 142 lè ti pọ̀ jù fún ẹni tó jẹ́ kílò 97, ó sì lè já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Tí ara bá ń ro yín lẹ́yìn ẹrù ẹja, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta ibuprofen fún yín, ó lè dá egbò sínú àpòlúkù. Tó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ẹ ń bì fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, tí nǹkan ò dúró nínú yín, ẹ má yà ní kẹ́mísì rárá. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ, torí fítámì B1 kì í pẹ́ tán lára ẹni tó ń bì, àìsí rẹ̀ sì lè ba ọpọlọ jẹ́.

Miníràlì yẹn, ṣúgà inú rẹ̀ ló ya wọ ìfun lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi í sílẹ̀. Omi ni kí ẹ máa mu, díẹ̀díẹ̀, títí á fi tó lítà kan ààbọ̀ lójúmọ́, ṣùgbọ́n ẹ má mu ún mọ́ oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí ìṣẹ́jú 30 kọjá lẹ́yìn tí ẹ bá jẹun tán. Irun á padà hù. Wàhálà tí ara rí ló ń jẹ́ kó máa já láti nǹkan bí oṣù kẹta, ó sì máa ń dáwọ́ dúró bí èèyàn bá ń jẹ ohun tó yẹ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ibi tí lẹ́tà yín ti ń sunkún. Òkèlè ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà, a kì í sì í rún òkèlè, gbígbé mì ni. Ọmọ tó bá ń rún ẹ̀bà lẹ́nu bí ẹni ń rún ẹran, wọ́n á bá a wí. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí, ohun tí a ò bá rún kúnná ò ní rọ́nà kọjá. Ìwé ìtọ́ni tí wọ́n fún èmi nílé ìwòsàn kọ búrẹ́dì, ó kọ ìrẹsì, kò dárúkọ ẹ̀bà rárá.

Ní oṣù karùn-ún lẹ́yìn tèmi, mo lọ síbi ìkómọ ọmọ àbúrò mi ní Sábó, Ìkòródù. Wọ́n gbé ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ wá. Mo bu òkèlè mẹ́ta, wẹ́wẹ́ ni o, mo gbé e mì bí mo ṣe ń gbé e mì láti kékeré. Kí n tó bu ìkẹrin, ó ti há mi lábẹ́ igbá àyà. Itọ́ funfun bẹ̀rẹ̀ sí í hó sí mi lẹ́nu bí ọṣẹ. Mo ní mo fẹ́ lọ fọwọ́, mo gba ẹ̀yìn ilé lọ, mo jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi, mo ń tutọ́ sínú ike bọ́tà, mo sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọrin nínú ilé. Nígbà tó yá, ó kọjá, ìrora náà lọ. Mo ṣì jókòó síbẹ̀, mò ń sunkún. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó láàárín èèyàn ẹni láìjẹun.

Nítorí náà, ẹ sunkún tiyín, kò sọ yín di aláìmoore. Ọ̀fọ̀ ni. Ọdún 19 tí ẹ fi ń fọwọ́ kan àwo kan náà pẹ̀lú ọkọ yín, ìyẹn náà bá ohun tí wọ́n gé lọ.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ padà sídìí àwo yẹn lálẹ́ òní. Ẹja ni kí ẹ máa jẹ nínú rẹ̀. Ẹ tú egungun rẹ̀ kúrò, ẹ bu tiyín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ máa rún bí òun ṣe ń gbé òkèlè tirẹ̀ mì. Púrótéènì tí àwọn dókítà ń béèrè, gíráàmù 60 sí 80 lójúmọ́, ìdí àtẹ yín ló wà. Ẹja tó tó àtẹ́lẹwọ́ yín á fún yín ní nǹkan bíi gíráàmù 20, ẹyin kan á fún yín ní 6. Ẹja ni kí ẹ kọ́kọ́ jẹ, kí ẹ̀fọ́ tẹ̀ lé e, kí ẹ wá fi ìkọ́kọrẹ́ ṣíbí méjì kádìí ẹ̀ tí àyè bá ṣẹ́kù. Ẹ ṣọ́ra fún ìkọ́kọrẹ́ náà, torí pé ó rọ̀, kì í há ẹni, irú rẹ̀ ló sì máa ń dá kílò padà láìfura. Apá tí wọ́n gé dànù wà lára ohun tó máa ń pe ebi, ìyẹn ni ebi kì í fi í pa yín báyìí. Ebi náà máa padà. Tó bá dé, ẹ má rò pé iṣẹ́ abẹ ti bàjẹ́.

Ẹ ò jẹ àwọn ará ọjà ní àlàyé. "Dókítà ní kí n fọn nítorí ṣúgà, mo sì ti fọn." Òótọ́ ni, ó sì tó. Ti ẹ̀gbọ́n ọkọ yín yàtọ̀. Ẹni tó lè sọ ọ́ ní gbangba, tó wá pe yín sí kọ̀rọ̀, ẹ̀rù ló ń bà á fún yín. Ẹ sọ fún un. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣe yín tí ọkọ yín ò sí nílé, ó yẹ kí ẹnì kan wà tó mọ ohun tó máa sọ fún dókítà.

Káyókáyọ̀ tí wọ́n fi ń rántí bí Kòsọ́kọ́, ọba Èkó tí wọ́n lé kúrò lórí oyè, ṣe gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ ní 1851, ọdún àjẹyó ni, wọ́n á ṣáà gbé àwo lé yín lọ́wọ́. Ẹ ti jẹ ẹja yín nílé ìdáná kí àlejò tó dé. Lẹ́yìn náà, ẹ di ẹni tó ń bu ọbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ka òkèlè mọ́ ẹni tó ń bu ọbẹ̀ lọ́wọ́, gbogbo èèyàn ló sì máa wá sọ́dọ̀ yín. Ẹni tó bá tẹnu mọ́ ọn, ẹ gba àwo rẹ̀, ẹ dúpẹ́, ẹ gbé e fún Táíwò tàbí Kẹ́hìndé.

Ẹ kọ̀wé sí mi tí èsì ẹ̀jẹ̀ bá dé. Ẹ kọ iye B12 síbẹ̀.