Ọ̀pá ẹ̀yìn àbúrò yín ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àfaradà o. Ẹ bèèrè láti Kubwa pé ìgbà wo lẹ máa rí ìwé ìwádìí lórí ọkọ̀ òfurufú ológun tí àbúrò yín fi ń kọ́ṣẹ́, tó já níbi tó ti ń balẹ̀. Ẹ fi ìwé sílẹ̀ ná. Ọ̀pá ẹ̀yìn ẹ̀ ni kí ẹ wò.

Ọkọ̀ òfurufú àbúrò tèmi náà já rí, orí ìròyìn la ti gbọ́. Akọ̀ròyìn mọ̀, kò sẹ́ni tó pe ìyá wa. Wọ́n dá wa dúró lẹ́nu géètì nínú oòrùn Kàdúná, màmá jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Ọ̀gá kan jáde, ó ní ara ọmọ le, ká máa lọ sílé. Inú ṣì ń bí mi! Nígbà tí wọ́n jẹ́ ká wọlé, ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín sí wa, àmọ́ bó bá fẹ́ wúkọ́, á kọ́kọ́ di etí bẹ́ẹ̀dì mú. Dókítà ní iṣan ló fà, ó fún un lóògùn ara ríro. Ìgbà tá a ya àwòrán níbòmíràn la rí i pé eegun ọ̀pá ẹ̀yìn ẹ̀ kan ti rún. Bí ọkọ̀ bá já lulẹ̀ gbì, ìjókòó ló máa ń gbá ọ̀pá ẹ̀yìn látìsàlẹ̀.

Ẹni tí ìjókòó ta síta kúrò nínú ọkọ̀ lókè náà kò bọ́ lọ́wọ́ ewu ọ̀pá ẹ̀yìn yìí. Awakọ̀ 2 tó fò jáde nínú ọkọ̀ òfurufú ológun FT-7NI ní Makurdi ní oṣù Keje 2023 yè é, ọpẹ́ ni. Àwọn 2 tó wà nínú Super Mushshak, ọkọ̀ òfurufú ìkọ́ṣẹ́, tó já ní Kàdúná ní oṣù Kẹrin 2022 kò yè é. Nítorí náà, ẹ dúpẹ́, àmọ́ ẹ má sùn.

Ẹ ní kí wọ́n ṣe X-ray, bó bá ṣeé ṣe, CT scan, àwòrán tó ń fi inú ara hàn ju X-ray lọ. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá ń kú tàbí kò rí ìtọ̀ tọ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lóru yẹn, kí ẹnikẹ́ni má sì fà á lápá dìde.

Ẹni tí orúkọ ẹ̀ wà nínú fọ́ọ̀mù gẹ́gẹ́ bí ìbátan ni kó lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé kí wọ́n má gbé fọ́tò sórí WhatsApp. Ẹni tó bá sì pè pé òun á bá yín gba owó ìtọ́jú, tó ní kí ẹ kọ́kọ́ san nǹkan, olè ni.

Ìwé ìwádìí yẹn, ológun ló ń wádìí ti ara wọn, NSIB, àjọ ìjọba tó ń wádìí jàǹbá ọkọ̀, kọ́ lẹ máa lọ bá níbẹ̀. Fíìmù X-ray ni kí ẹ gbà sọ́wọ́, kó tó di pé wọ́n ní ó sọnù.