Ẹ Bi Wá: Ọjọ́ Àìkú ni kí ẹ rìn kiri Ìsàlẹ̀ Èkó

Láti ìgbà tí iléèwé ti gba ìsinmi ni lẹ́tà ti ń rọ́ wọlé, ohun kan náà sì ni púpọ̀ nínú wọn ń bèèrè: owó ìrìn-àjò ọ̀nà jíjìn ti le koko, kí la lè rí ní Èkó níbí láì sùn síta? A mú márùn-ún nínú wọn.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Agége ni mò ń gbé. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní, ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, àbúrò pátápátá jẹ́ mẹ́fà. Ọjà Bálógun nìkan ni wọ́n mọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ìyẹn náà tí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo fẹ́ mú wọn lọ fún odindi ọjọ́ kan. Ṣé ọkọ̀ ojú irin tuntun yẹn máa gbé wa débẹ̀? Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀? (Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Agége)

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ọkọ̀ ojú irin méjì ló wà, àwọn ènìyàn sì máa ń fi ọ̀kan pe èkejì. Red Line ló wà lọ́dọ̀ yín. Agbádó ló ti ń gbéra, ó ń gba Ìjú, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Muṣin àti Yábàá, Oyíngbò ló sì ń parí sí. Kò kọjá omi rárá. Blue Line ló dé Marina, Mile 2 ni ìyẹn ti ń bọ̀, àwọn méjèèjì kò sì pàdé níbì kankan. Torí náà, Oyíngbò lẹ ó ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó wá wọ dánfó tó ń gba Carter Bridge bọ́ sí Ìdúmọ̀tà. Ojú irin tí ọkọ̀ Ìbàdàn ń tọ̀ náà ni Red Line ń tọ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í wá lemọ́lemọ́ bíi dánfó. Ẹ wádìí bóyá ó ń rìn lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ lọ, àti àkókò rẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì ti fi owó sínú káàdì Cowry kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tò láàárọ̀ láti ra káàdì, ẹ̀yìn ọkọ̀ ló máa ń rí. Bí àkókò ojú irin kò bá bá tiyín mu, ẹ bọ́ sí Òṣòdì, ẹ wọ dánfó CMS.

Ọjọ́ Àìkú ni kí ẹ lọ. Ọjọ́ Sátidé lọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń mú, wọ́n á sì padà sílé pé àwọn ò rí nǹkan kan. Òótọ́ ni wọ́n sọ, torí òkè ilé ni ohun tó yẹ ní wíwò ní Ìsàlẹ̀ Èkó wà: ẹ̀wọ̀n òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ yí fèrèsé ká, òrùlé tó ní fèrèsé kékeré tirẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè tó ní irin bíi asẹ́. Lọ́jọ́ ọjà, ẹ ò lè gbójú sókè, torí alábàárù ń bọ̀ lẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ ẹrù ń bọ̀ níwájú, agboòrùn àwọn ìyálọ́jà sì bo ojú ọ̀run. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ lè dúró sáàárín Martins Street kí ẹ tẹ́jú mọ́ Mọ́sálásí Shitta-Bey láì sí ẹni tó máa ní kí ẹ sún. Ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i. Mohammed Shitta Bey ló náwó sí i, João Baptista da Costa, ọmọ Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti oko ẹrú Bràsíl padà wá sí Èkó, ló kọ́ ọ, ojú kan tí ẹ bá wò ó lẹ máa mọ̀ pé ọ̀nà Bràsíl ni wọ́n gbà kọ́ mọ́sálásí yìí.

Ẹ máa ti Ìdúmọ̀tà rìn lọ sápá Oníkan, ẹ má ṣe gbà á sódì. Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ṣeé fọkàn tán ní apá Ìdúmọ̀tà lọ́jọ́ Àìkú, kò sì sí ibi ìjókòó. Freedom Park àti Oníkan ni nǹkan méjèèjì wà, nígbà tí ẹsẹ̀ bá sì fi máa ro àbúrò pátápátá, ẹ ti débẹ̀. Láti Martins Street, ẹ bọ́ sí Tinúbú Square. Ibẹ̀ ni Ìlọ́jọ̀ Bar wà tẹ́lẹ̀, ilé Àgùdà tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí ìjọba sọ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2016 ni wọ́n wó o palẹ̀. Ẹ sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ, kí wọ́n mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń wò lónìí lè má sí níbẹ̀ tí wọ́n bá dàgbà. Lẹ́yìn náà, ẹ gba Kakawa Street, níbi tí Water House ti ìdílé da Rocha wà. Ilé onílé ni o, ìta ni kí ẹ ti wò ó.

Freedom Park ni kí ẹ ti jẹun ọ̀sán. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street ni tẹ́lẹ̀, láti 1882. Wọ́n ti Herbert Macaulay mọ́ ibẹ̀, wọ́n ti Awólọ́wọ̀ náà mọ́ ibẹ̀. Oṣù kẹwàá ọdún 2010 ló di ọgbà ìgbafẹ́. Wọ́n fi àmì àwọn yàrá ẹ̀wọ̀n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọdún méjìlá yẹn dúró sínú ọ̀kan kó na ọwọ́ méjèèjì. Ohun tó máa rí níbẹ̀ ju ẹ̀kọ́ ìtàn lọ. Ìtàgé tí wọ́n ti ń kọrin nísinsìnyí, ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ènìyàn tẹ́lẹ̀ ló wà.

Ní Oníkan, John Randle Centre àti Mùsíọ́ọ̀mù Orílẹ̀-èdè kọjú síra wọn. Ẹ mú ọ̀kan ṣoṣo, torí ó ti rẹ àwọn ọmọ nígbà yẹn. Tiwa ni pé kí ẹ mú John Randle Centre: àṣà Yorùbá ni gbogbo rẹ̀ dá lé, ohùn àti àwòrán tó ń rìn sì pọ̀ níbẹ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́fà kò fi ní sùn. Mùsíọ́ọ̀mù, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1957, dára fún ẹ̀gbọ́n nígbà mìíràn. Ọkọ̀ tí wọ́n yìnbọn pa Murtala Muhammed sínú rẹ̀ ní 1976 ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ihò ọta lára rẹ̀.

Bàtà ni kí gbogbo yín wọ̀, kì í ṣe sálúbàtà, torí ọ̀pọ̀ òkúta tó bo gọ́tà ti kán. Ẹ má sì gbójú lé ọ̀kadà. Láti oṣù kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba ti fòfin dè é ní Lagos Island. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín láti fi Lekki kún un lọ́jọ́ kan náà. Afárá orí igi tó wà ní Lekki Conservation Centre gùn tó mítà 401, ó sì ń mì; ọjọ́ tirẹ̀ ọ̀tọ̀ ni, àárọ̀ kùtù sì ni, kí èrò tó dé. Níbẹ̀, ẹ má ṣe gbé ọ̀rá bísíkíìtì lọ́wọ́, àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ kì í tọrọ, gbígbà ni wọ́n ń gbà.

Mo fẹ́ràn àwòrán yíyà. Mo gbé kámẹ́rà lọ sí Òkè Pópó, àwọn ọmọkùnrin kan yọ sí mi pé kí n mú owó àdúgbò wá. Kí ni mo ṣe tí kò dáa? (Ọ̀dọ́ láti Súrùlérè)

Àbúrò wa, kámẹ́rà ńlá lo gbé, o ò sì kí ẹnikẹ́ni. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kí o tó gbé nǹkan sójú, wo ẹni tó dàgbà jù tó jókòó síwájú ilé, dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí o kí i, sọ pé ilé tó rẹwà yìí lo fẹ́ yà. Bàbá tó bá ti dá ọ lóhùn, àwọn ọmọ àdúgbò á fi ọ́ sílẹ̀. Bí o bá fẹ́ lo wákàtí mélòó kan níbẹ̀, wá ọmọ àdúgbò kan tó máa bá ọ rìn, kí ẹ sì dúnàá-dúrà kí ẹ tó gbéra, kì í ṣe lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti parí. Fóònù kì í fa ìjà bíi kámẹ́rà. Má kọjú kámẹ́rà sí ṣọ́jà, ọlọ́pàá tàbí ilé ìjọba. Nínú mùsíọ́ọ̀mù Oníkan, bi wọ́n léèrè lẹ́nu ọ̀nà, torí wọn kì í gbà kí a ya àwòrán inú rẹ̀.

Ìkòròdú ni mo wà. Ìyàwó mi fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, àyà mi ń já. Báwo ni mo ṣe máa mọ ọkọ̀ tó dára? (Ọkọ tó ń bẹ̀rù omi)

Bàbá, ẹ̀rù yẹn kò burú, ẹ fi ṣe iṣẹ́ ni. Èbúté Ìpakòdò ni kí ẹ lọ, ẹ má ṣe wọ ọkọ̀ tó ń gbèrò láti etí bèbè kankan. Ọjọ́ Sátidé láàárọ̀ ló dáa, torí àwọn òṣìṣẹ́ ń fún ara wọn pọ̀ nínú ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sán, atẹ́gùn òkun máa ń fẹ́ wọlé, ọ̀sà á sì máa ru.

Life jacket ni kí ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún wò dáadáa. Ẹ de gbogbo ìdè rẹ̀, kì í ṣe kí ẹ kàn gbé e kọ́rùn. Kí ìyàwó yín wá di ibi èjìká rẹ̀ mú, kó fà á sókè. Bó bá gòkè dé etí yín, ó tóbi jù. Tí ẹ bá bọ́ sómi, ara yín á sọ̀kalẹ̀, òun á gba orí bọ́. Ẹ fọwọ́ tẹ inú rẹ̀. Fóòmù tó ti rún tàbí tó wúwo torí omi ti mu ún kò lè gbé yín léfòó. Bí ìdè kan bá ti já, ẹ dá a padà kí wọ́n fún yín ní òmíràn. Ẹni tó bá ní kí ẹ má yọ òun lẹ́nu, ẹ sọ̀ kúrò nínú ọkọ̀ rẹ̀.

Ẹ ka ìjókòó, ẹ ka orí. Bí orí bá ju ìjókòó lọ, ẹ dúró de èyí tó ń bọ̀. Àárín ni kí ẹ jókòó sí: iwájú ọkọ̀ ló máa ń já lu omi gbàmù-gbàmù, ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kò gbọ́dọ̀ débẹ̀; ẹ̀yìn pátápátá ni ariwo ẹ́ńjìnì àti omi tó ń ta sára wà. Tí ọkọ̀ bá fẹ́ gúnlẹ̀, kí gbogbo èrò má dìde sí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ kékeré ti máa ń dojú dé, lẹ́bàá èbúté gan-an.

Bí ọkọ̀ bá dúró lójijì láàárín ọ̀sà, ẹ má figbe ta. Koríko orí omi ló sábà máa ń wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ tó ń yí lábẹ́ ẹ́ńjìnì, awakọ̀ á gbé ẹ́ńjìnì sókè, á já a kúrò. Ìgbà òjò ni koríko yẹn máa ń pọ̀ sí i, nígbà tí omi odò bá pọ̀ nínú ọ̀sà. Iyọ̀ òkun ló ń pa á tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú. Ohun tó burú ju koríko lọ ni gẹdú tó ń léfòó, tí ojú kì í rí lóru. Ìdí nìyẹn tí ìjọba kò fi fẹ́ kí ọkọ̀ èrò rìn tí ilẹ̀ bá ṣú. Kí ẹ ti wà nínú ọkọ̀ àbọ̀ kó tó di aago márùn-ún.

Ọkọ̀ Èbúté Erò máa gbé yín gba abẹ́ Third Mainland Bridge, afárá tó gùn tó kìlómítà 11.8, ẹni tó ti ń wakọ̀ lórí rẹ̀ láti 1990 kò mọ bó ṣe ga tó àfìgbà tó bá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Èyí tó ń lọ sí Falomo máa gba abẹ́ afárá Lekki sí Ìkòyí. Tó bá jẹ́ àwa, à bá fi ọ̀kan lọ, ká fi èkejì bọ̀.

Ọjọ́ wo ni Ẹ̀yọ̀ máa ń jáde lọ́dọọdún? Mo fẹ́ wá wò ó. (Olùkà láti Ìlúpéjú)

Kò ní ọjọ́ ọdọọdún. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣẹ̀yẹ ìkẹyìn fún ọba, olóyè tàbí ẹni ńlá kan, tàbí tí ìdí pàtàkì mìíràn bá wà, ni Ààfin Ìgá Ìdúngànràn máa ń kéde rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, a kì í wọ bàtà tàbí sálúbàtà lọ́nà Ẹ̀yọ̀, a kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè, kì í di ṣùkú, a kì í mu sìgá, a kì í gun kẹ̀kẹ́. Ọ̀pámbàtà, ọ̀pá tí Ẹ̀yọ̀ ń mú dání, kì í bi àlejò bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Àkẹtẹ̀ orí wọn ni kí ẹ fi dá ẹgbẹ́ Ẹ̀yọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ̀: dúdú ni ti Adímú, òun sì ni àgbà wọn. Bí ẹ bá fẹ́ àríyá tó ní ìgbà, ẹ wá sí Pópó Àgùdà ní Àjíǹde, kí ẹ wo Fàǹtí, àríyá ìgboro àwọn Àgùdà, kí ẹ sì bá wọn jẹ fréjọ̀n, ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè, lọ́jọ́ Fráídè Rere.

Ṣé ọjọ́ kan tó fún Àgbádárìgì láti Èkó? (Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin, Yábàá)

Ó tó, bí ẹ bá tètè gbéra. Ẹ wọ Blue Line ní Marina tàbí National Theatre lọ sí Mile 2, kí ẹ wọ ọkọ̀ Àgbádárìgì níbẹ̀ kó tó di aago méje. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání, torí ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ ni, àwọn aṣọ́bodè àti ọlọ́pàá pọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ kọ́kọ́ fi ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Gbẹ̀rẹ̀fú, erékùṣù tí wọ́n ń kó ẹrú gbà lọ sókè òkun: orí iyanrìn lẹ máa rìn dé etí òkun, ní aago méjìlá ọ̀sán, iyanrìn yẹn ń jóni lẹ́sẹ̀. Ẹ ra omi kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Tí ẹ bá padà, ẹ wo ilé ẹrú Sérìkí Fárẹ̀mí Williams Àbáàsì, ẹni tí wọ́n ta lẹ́rú rí kó tó di olówò ẹrú, lẹ́yìn náà ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n parí ní 1845. Olùtọ́nisọ́nà kan ṣoṣo ló tó fún ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ bá a sọ iye owó gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó má di pé ẹ ń san tuntun níwájú ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà ibẹ̀ ṣì ní ibi tó bàjẹ́, gosíló Mile 2 sì ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́rin, torí náà kí aago mẹ́ta bá yín nínú ọkọ̀ àbọ̀.