Irú èèyàn wo ló máa ń wà nínú ìran ìdílé inú EastEnders, kí sì ni kámẹ́rà ń ṣe níbẹ̀?

Láti 1985 tí eré tẹlifíṣọ̀n BBC ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni ìyá àgbà tó ń pàṣẹ fún gbogbo ilé ti wà níbẹ̀. Lou Beale ni àkọ́kọ́. Saeed àti Naima Jeffery, tí ìran wọn wá láti Bangladesh, ni àwọn tó ń ṣe eré náà gbé ṣọ́ọ̀bù àdúgbò lé lọ́wọ́. Èyí ò dùn mọ́ mi rárá, torí ojú kan náà ni wọ́n fi ń wo gbogbo ẹ̀yà wọn.

Ní ti kámẹ́rà, ó ju ẹyọ kan lọ tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo ìjà ìdí tábìlì oúnjẹ dáadáa: àwòrán àkọ́kọ́ á gba gbogbo yàrá, ká lè mọ ibi tí kálukú jókòó sí. Bí ohùn bá ṣe ń ga ni kámẹ́rà á máa sún mọ́ ojú. Ẹ̀gbẹ́ kan náà lára àwọn tó ń jà ni gbogbo kámẹ́rà máa ń wà, kí ẹni tó kọjú sí ọ̀tún má baà dédé kọjú sí òsì. Ojú ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, kì í ṣe ti ẹni tó ń sọ ọ́, ló ń wọ̀ mí lọ́kàn jù lọ. Irú ojú bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sábà máa ń dúró lé lórí títí ìlù tó ń parí eré á fi dún.